Ọbẹ̀ Kì í Padà Di Ata: Ìtàn Iṣẹ́ Tí Ó Parí àti Orísun Rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí ó dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n tí ó ti da ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà láàmú. Ìbéèrè náà ni pé: bí iṣẹ́ kan bá ti parí tán, ǹjẹ́ a lè ti inú iṣẹ́ náà padà lọ sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ará Ìbàdàn kò ní pẹ́ dáhùn. Bí olóúnjẹ ní Ọjà'ba bá ti bu gbẹ̀gìrì àti ewédú lé àmàlà lórí, tí ó ti di àbùlà, kò sí ọlọ́gbọ́n tí ó lè tún yọ ewédú sọ́tọ̀ kí ó sì yọ gbẹ̀gìrì sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n olóúnjẹ fúnra rẹ̀ ṣì ní ìkòkò méjèèjì nílẹ̀. Bí oníbàárà bá wí pé ewédú ti pọ̀ jù, ìyá olóúnjẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ewédú nínú àwo; ìdí ìkòkò ni yóò padà sí, yóò sì bu òmíràn. Àwo oúnjẹ ni iṣẹ́ tí ó parí. Ìkòkò ni orísun. Ìtàn àwo àti ìkòkò yìí, nínú iṣẹ́ ohùn àti àwòrán, ni mo fẹ́ sọ, àti bí ó ti kan àwa tí agbo ilé wa wà láàrin Ìbàdàn àtijọ́.

Kí n tó dé orí ohùn àti àwòrán, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mẹ́nu ba ìwé kan, nítorí pé ìwé náà ni ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tí ó hàn gbangba. A bí Samuel Johnson ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró ní ọdún 1846. Ọmọdé ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ bá Àlùfáà David Hinderer wá sí Ìbàdàn ní 1858. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta, ó padà wá, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ìjọ ní Àrẹ̀mọ ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ní 1886, ó wà lára àwọn tí ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàrin ogun Ìbàdàn àti ogun Èkìtìparapọ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ó ń bi àwọn àgbà léèrè ìtàn, ó sì ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Làgúnjú, Tìmì Ẹdẹ, tí gbogbo ayé mọ̀ sí òpìtàn nígbà náà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 1897, Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ní 1899, a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ìwé náà gbé sọnù. Johnson kú ní 1901, kò rí i kí a tẹ̀ ẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, à bá máa sọ lónìí pé ọkùnrin kan wà rí tí ó kọ ìtàn Yorùbá, ṣùgbọ́n tí a kò rí ìwé rẹ̀. Ohun tí ó gbà wá ni pé Johnson kò da àwọn ìwé tí ó fi ṣe ìpìlẹ̀ nù. Ó fi wọ́n sílẹ̀: ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ojú ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ kí ó tó da gbogbo rẹ̀ kọ ní mímọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn ìwé wọ̀nyí jọ, ó sì tún ìwé náà kọ láti inú wọn. Ìyà kò tíì tán. Nígbà tí a fi èyí tí a tún kọ náà ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé e, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ju ọdún méjì lọ kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Obadiah kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà jáde.

Ẹ kíyè sí ohun méjì nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ẹni tí orísun bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tún iṣẹ́ ṣe, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ sọnù pátápátá. Èkejì ni pé ọ̀nà náà kò ṣeé gbà padà sẹ́yìn. Ìwé tí a tẹ̀ ní 1921 wà lọ́wọ́ wa lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ti inú rẹ̀ yọ gbogbo ohun tí Làgúnjú sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àwọn àgbà yòókù sọ, àti kúrò lára èrò Johnson fúnra rẹ̀, yóò rí i pé gbogbo rẹ̀ ti di àbùlà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí orí ohùn. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Zonophone sì gba orin rẹ̀ 43 sílẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà náà, kò sí gbohùngbohùn oníná nínú iṣẹ́ àwo orin. Ẹnu ìwo ńlá kan ni akọrin máa ń kọrin sí. Ohùn rẹ̀ yóò mì abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ yóò sì máa fín ìda bí ó ti ń yí. Ohùn akọrin àti ohùn ohun èlò jọ ń wọ ẹnu ìwo kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú afẹ́fẹ́ iyàrá yẹn ni wọ́n ti dàpọ̀. Nítorí náà, irú àwo bẹ́ẹ̀ kò ní ìkòkò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àwo nìkan ni ó wà, a sì ń dúpẹ́ pé ó wà, nítorí pé bàbá náà kú ní 1930, ohùn rẹ̀ ṣì ń bẹ.

Nígbà tí téèpù dé, nǹkan yí padà. Téèpù ṣeé gé, ó ṣeé lẹ̀, ó sì ṣeé pín sí ojú ọ̀nà púpọ̀. Ní 1957, ilé-iṣẹ́ Ampex ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan fún Les Paul, ẹni tí ń ta gìtá, tí ó ní ojú ọ̀nà 8. Ohùn akọrin lè wà ní ojú ọ̀nà kan, ìlù ní òmíràn, gìtá ní òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fara kan ẹnìkejì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọn yóò wá pa á pọ̀ sórí téèpù mìíràn, èyí tí a ó fi tẹ àwo. Irú iṣẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Ní 1973, nígbà tí Paul McCartney wá sí Èkó láti wá ṣe àwo orin rẹ̀ Band on the Run, ẹ̀rọ ojú ọ̀nà 8 ni ó bá ní sitúdíò EMI ní Àpápá. Láti ìgbà yìí ni iṣẹ́ ohùn ti ní àwo, tí ó sì ní ìkòkò pẹ̀lú. Ibẹ̀ náà ni ewu tuntun ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwo ni gbogbo ènìyàn ń rà, àwo ni gbogbo ènìyàn ń tọ́jú. Ta ni yóò tọ́jú ìkòkò?

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sí Ìbàdàn, kí a gun Òkè Màpó. Ní 1929 ni a ṣí Gbọ̀ngàn Màpó. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀kan nínú ẹ̀rọ tí ń fọ́n àwòrán rẹ̀ káàkiri sì wà ní Òkè Màpó yìí kan náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, WNTV ṣe eré Wọlé Ṣóyínká kan, My Father's Burden, tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá darí. Bí ó ti rí ní tẹlifíṣọ̀n gbogbo ayé nígbà náà, púpọ̀ nínú eré ìgbà yẹn ni a ń ṣe lójú ẹsẹ̀: bí òṣèré bá ti ń sọ̀rọ̀ ní sitúdíò ni àwòrán rẹ̀ ń dé ilé àwọn ènìyàn. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Téèpù àwòrán, tí Ampex gbé jáde ní 1956, wọ́n gan-an. Nítorí ọ̀wọ́n yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n káàkiri ayé a máa pa èyí tí wọ́n ti lò rẹ́, wọn a sì gba òmíràn lé e lórí.

Fíìmù ni ó sàn díẹ̀ nínú gbogbo wọn, nítorí ọ̀nà tí a ń gbà gé e. Ẹni tí ń gé fíìmù kì í fi ọ̀bẹ kan ojúlówó fíìmù tí ó wà nínú kámẹ́rà, èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní nẹ́gátíìfù. Ẹ̀dà rẹ̀ ni ó ń gé, tí ó ń lẹ̀, tí ó ń tún gé, títí eré yóò fi tò. Nọ́ńbà wà ní etí fíìmù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti parí, nọ́ńbà wọ̀nyí ni a ó tẹ̀lé kí a tó gé nẹ́gátíìfù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹni tí ń gé fíìmù àti ẹni tí ń tọ́jú fíìmù kò gbọdọ̀ jìnnà sí ara wọn. Ní WNTV ní Ìbàdàn, Adébáyọ̀ Fálétí, ẹni tí àwa òǹkàwé Yorùbá mọ̀ nípa ewì àti eré Baṣọ̀run Gáà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí. Mo máa ń rò ó pé ó bá ìṣe rẹ̀ mu. Ẹni tí ó mọ iyì ọ̀rọ̀ àwọn baba rẹ̀ kò ní ṣàì mọ iyì fíìmù tí a ká sínú agolo.

Ohun méjì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí tí ó fi ìyàtọ̀ àwo àti ìkòkò hàn dáadáa, méjèèjì sì ṣẹlẹ̀ ní ìlú Jọ́ọ̀sì. Ní 2013, a kéde rẹ̀ pé a ti rí abala 9 nínú eré Doctor Who, tí BBC ti pa rẹ́ ní ilé wọn, ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jọ́ọ̀sì. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti máa fi hàn lókè òkun ni. Inú àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dùn gan-an, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ti parí ni wọ́n rí. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè yí padà mọ́ ju pé kí a nù ún kí ó mọ́. Ní 2016, a rí Shaihu Umar ní ilé-iṣẹ́ fíìmù ìjọba ní Jọ́ọ̀sì kan náà. Adamu Halilu ni ó ṣe fíìmù yìí ní 1976 láti inú ìwé Tafawa Balewa. Èyí tí wọ́n rí nígbà náà kì í ṣe ẹ̀dà lásán. Nẹ́gátíìfù àwòrán àti ti ohùn rẹ̀ ni. Láti inú wọn, àwọn onímọ̀ ní Berlin tún fíìmù náà ṣe, a sì fi í han aráyé níbẹ̀ ní 2018. Ẹni tí ó rí àwo rí oúnjẹ ọjọ́ kan. Ẹni tí ó rí ìkòkò tún oúnjẹ sè.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ayé kọ̀ǹpútà tí a wà yìí. Lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lè ṣe iṣẹ́ tí odindi sitúdíò ń ṣe nígbà náà. Yóò kó àwòrán àti ohùn tí ó gbà sínú kọ̀ǹpútà, yóò tò ó, yóò fi orin sí i, yóò kọ orúkọ sí i. Ìwé ètò iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí àwòrán kan ṣoṣo nínú pírójẹ́ẹ̀tì. Àṣẹ ni ó wà nínú rẹ̀: mú àwòrán yìí láti ibi báyìí, gé e níhìn-ín, fi orin yẹn sí abẹ́ rẹ̀. Ó dàbí nọ́ńbà etí fíìmù àtijọ́. Bí iṣẹ́ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fídíò kan. Wọn a ní wọ́n ti rẹ́ńdà rẹ̀. Fídíò tí a rẹ́ńdà yìí ni oníbàárà ń gbà lọ sílé.

Àwọn tí ó ṣe irinṣẹ́ yìí mọ̀ pé ènìyàn lè fẹ́ padà. Nítorí náà, nínú irinṣẹ́ Adobe tí à ń pè ní After Effects, a lè fi àdírẹ́sì pírójẹ́ẹ̀tì pamọ́ sínú fídíò tí a rẹ́ńdà. Bí ènìyàn bá mú fídíò náà wá lẹ́yìn náà, tí ó sì sọ pé òun fẹ́ tún ojúlówó rẹ̀ ṣe, kọ̀ǹpútà yóò tọ àdírẹ́sì náà lọ, yóò sì ṣí pírójẹ́ẹ̀tì. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì kì í ṣe ilé. Bí a bá ti kó pírójẹ́ẹ̀tì kúrò níbi tí ó wà, tàbí tí a ti pa àwòrán àti ohùn tí ó ń tọ́ka sí rẹ́, ọ̀nà náà já sí ahoro.

Mo rí èyí pẹ̀lú ojú mi. Nígbà tí a ń ṣe òkú àgbà kan ní agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ìyá arúgbó kan dìde, ó sì ki oríkì orílẹ̀ ilé náà láti ìpìlẹ̀. Òun nìkan ni ó kù tí ó mọ̀ ọ́n délẹ̀. Oníkámẹ́rà gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí fídíò jáde, orin jùjú ni wọ́n fi bo ohùn ìyá náà. Ẹnu rẹ̀ ń mì, a kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ìyá fi sùn. Àwọn àgbà ilé wá ní kí n kọ oríkì náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ni mo bá mú fídíò lọ bá ẹni tí ó ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bẹẹrẹ.

Ọmọlúwàbí ènìyàn ni. Ó wá pírójẹ́ẹ̀tì náà, ó rí i, ó sì ṣí i. Gbogbo ètò iṣẹ́ náà jáde, ìlà lórí ìlà, ṣùgbọ́n àkọlé pupa ni ó bo ojú àwòrán: kọ̀ǹpútà ń wí pé òun kò rí àwòrán, òun kò rí ohùn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú. Àyè ló kún. Bí oníbàárà bá ti gba iṣẹ́ rẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, a máa ń pa ohun tó wà nínú káàdì rẹ́ ká lè rí nǹkan lò lóde mìíràn. Kò sẹ́ni tó ti béèrè rẹ̀ rí."

Gbólóhùn rẹ̀ tí ó kẹ́yìn yìí ni n kò lè gbàgbé. Kò sí ẹni tí ó ti béèrè rẹ̀ rí.

Ó tún gbìyànjú. Irinṣẹ́ tuntun wà nísinsìnyí tí ń fi ọgbọ́n ẹ̀rọ ya ohùn ènìyàn kúrò lára orin. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi yọ ohùn John Lennon kúrò lára dùùrù nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, tí àwọn Beatles fi gbé orin Now and Then jáde ní 2023, nígbà tí Lennon ti kú láti 1980. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan sí fídíò wa. Ohùn ìyá jáde lóòótọ́, a sì dúpẹ́. Mo kọ ìlà mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n níbi tí gángan ti dún jù, orúkọ àwọn baba ńlá ń gé sí méjì, ibi mìíràn sì ń dún bí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Kì í padà sí orísun. Ó ń méfò ohun tí orísun lè jẹ́ ni. Nínú orin, bí ó bá méfò díẹ̀, etí lè má mọ̀. Nínú oríkì, ìró kan tí ó bá yẹ̀ ti sọ baba ńlá di ẹlòmíràn. Àwòrán tí a sì ti gé kúrò kí a tó rẹ́ńdà, kò sí ẹ̀rọ tí ó lè yọ ọ́ jáde, nítorí pé kò sí nínú àwo rárá.

N kò dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́bi jù. Àyè inú kọ̀ǹpútà ń ná ni lówó, gẹ́gẹ́ bí téèpù ti ń ná àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lówó ní àtijọ́, ohun kan náà ni ó sì mú kí àwọn méjèèjì pa iṣẹ́ rẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìkòkò wà ni kí ó ra ìkòkò. Bí a bá ń pe oníkámẹ́rà fún òkú, ìgbéyàwó tàbí ìwúyè, ẹ jẹ́ kí a fi kún àdéhùn pé a ó gba ohun mẹ́ta: fídíò tí a rẹ́ńdà, pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àti gbogbo àwòrán àti ohùn tí ó ti inú kámẹ́rà jáde láìgé. Kí a mú ohun ìkósí tiwa lọ, kí a sì san owó iṣẹ́ náà fún un. Kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì, nítorí pé ìwé Johnson kọ́ wa pé ohun tí ó wà ní ibì kan ṣoṣo lè sọnù. Kí a kọ orúkọ àwọn tí ń sọ̀rọ̀, ọjọ́, àti agbo ilé sí i lára. Bí aládùúgbò bá fẹ́ fi orin bo ohùn, kò burú, kí ó fi í bò ó nínú fídíò tí a ó fi jó. Ṣùgbọ́n kí ohùn náà wà ní mímọ́ níbòmíràn.

Ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ wa yìí ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé ní Màpó, ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní Kúdẹtì. Ní àkókò ìsinmi tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe fídíò ìnáwó ilé wọn ní ọdún yìí, kí ó sì béèrè bóyá ohun tí ó wà nínú káàdì ṣì wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀dọ́mọkùnrin Bẹẹrẹ dá fún mi. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó kọjá.